Ẹ má fo `-f elf64` nínú NASM

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń fi NASM kọ assembly (èdè kóòdù tó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ) lórí Linux 64-bit, àṣẹ méjì péré ni. NASM á sọ kóòdù di fáìlì `.o`, ld á wá sọ ìyẹn di ètò tó lè ṣiṣẹ́:

`nasm -f elf64 hello.asm -o hello.o`
`ld hello.o -o hello`

Tí `-f elf64`, tó ń sọ irú fáìlì tí Linux 64-bit ń lò, ò bá sí níbẹ̀, báìtì lásán ni NASM máa kó jáde, ld á sì fariga: "file format not recognized".

Bí ld bá ní òun ò rí `_start`, ìyẹn ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ `global _start` sínú kóòdù. Ìkìlọ̀ lásán ni ohun tí ld sọ yẹn, fáìlì á ṣì jáde. Ohun tó ń tan èèyàn gan-an nìyẹn.

Ẹ wá ní kí `hello` ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn tán, ó wá ní "Segmentation fault"? Ẹ ò tíì sọ fún ètò náà pé kó parí ni. Ẹ fi èyí sí ìparí kóòdù:

`mov rax, 60`
`xor rdi, rdi`
`syscall`