Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀: Ẹ Má Ṣe Àwọn Àṣìṣe Wọ̀nyí Bí Ẹ Bá Rí Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀

Ẹni tó tọ̀ tó rí ẹ̀jẹ̀, tí ibì kankan ò sì dùn ún, á sábà sọ pé kò sí wàhálà. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, èyí ló ń ká mi lára jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí kò mú ìrora dání gan-an ni àìsàn yìí sábà fi ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ nítorí pé kò dùn yín.

Ohun tó tún ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dá. Ìtọ̀ á pọ́n lónìí, á mọ́ gaara lọ́la, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kó tó tún pọ́n. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára kókó inú àpò ìtọ̀ kò lágbára. Wọ́n lè bẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì tún dí fúnra wọn. Ẹ̀jẹ̀ dá, kókó ò kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá rí i ti tó ohun tó yẹ kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ pàápàá, torí ó ṣeé ṣe kó ti mọ́ kí wọ́n tó pè yín wọlé.

Ẹ má sì fúnra yín sọ ohun tó fà á. Ọkùnrin á ní próstéètì ni, àgbàlagbà á ní ara ló ń dàgbà. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì á di ẹ̀bi ru oògùn náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló máa sọ. Kí ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ má ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà, kó má sì tìtorí rẹ̀ sá fún àyẹ̀wò.

Obìnrin ni irú àròsọ yìí máa ń ṣe lóṣe jù. Ní ti iye, ọkùnrin ló ń ní jẹjẹrẹ yìí jù, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti obìnrin. Síbẹ̀ ó sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i lára obìnrin. Wọ́n á kọ́kọ́ pè é ní nǹkan oṣù, wọ́n á wá pè é ní kòkòrò inú ìtọ̀. Wọ́n á fún un ní oògùn apakòkòrò, ara á fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà, wọ́n á tún kọ oògùn kan náà. Bí láàbù ò bá rí kòkòrò kankan nínú ìtọ̀, tàbí tí ẹ ti lo oògùn tán tí ẹ̀jẹ̀ ò lọ, ẹ ní kí wọ́n wo inú àpò ìtọ̀.

Bákan náà ni ti àtọ̀sí ajá, tí èèyàn máa ń kó nínú omi odò tàbí adágún. Ẹyin aràn rẹ̀ máa ń há sí ara àpò ìtọ̀, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀ láìsí ìtọ́jú, ó lè di jẹjẹrẹ. Ìtọ̀ pupa lára ọmọdé kì í ṣe àmì pé ó ń dàgbà. Oògùn praziquantel wà fún un.

Ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ni sìgá ń bà jẹ́. Májèlé inú èéfín rẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, ìtọ̀ á sì dúró sínú àpò rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló tọwọ́ sìgá wá. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ń fà á. Lọ́dún 1895, Ludwig Rehn, oníṣẹ́ abẹ kan ní Frankfurt, ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aró ń ní kókó nínú àpò ìtọ̀. Ó lè lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tí èèyàn fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí jẹjẹrẹ tó yọ. Nítorí náà ẹ má fi iṣẹ́ àtijọ́ pamọ́ fún dókítà: aró, rọ́bà, awọ, ọ̀dà.

Skáànù orí ikùn lè má rí kókó kékeré, pàápàá èyí tó tẹ́jú. Bí ìtọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí láàbù ò bá fi nǹkan kan hàn, ìyẹn náà kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ohun tó dájú jù ni kí wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà gba ojú ìtọ̀ wọlé. Ojú máa ń ti èèyàn, ẹ̀rù sì máa ń bà wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń fi oògùn pa ibẹ̀ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n rí i lára wọn, kò tíì wọ inú iṣan ẹran ara àpò ìtọ̀. Ojú ìtọ̀ kan náà ni wọ́n lè gbà ha kókó wọn kúrò láì la ikùn. Láti 1976 ni wọ́n sì ti ń lo BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife, tí wọ́n máa ń dà sínú àpò ìtọ̀ kí kókó má baà tún hù. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn láti padà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń tún fi kámẹ́rà wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n á máa wò ó fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ló máa ń kọ̀ láti padà lọ. Ẹ gba ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.