Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fi Google Sheets tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn tẹ́ ẹ jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ ẹ̀bùn nínú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Google Sheets, áàpù tí wọ́n fi ń to àkọsílẹ̀ sínú àwọn àpótí kéékèèké, lórí fóònù yín, ẹ kọ ọjọ́ sí abẹ́ lẹ́tà A, orúkọ ìdíje sí B, ẹ̀bùn sí C, iye owó ẹ̀ sí D, kẹ́ ẹ wá fi E sílẹ̀ fún "dé" tàbí "kò tíì dé". E yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù o, torí àwọn kan tó ń ṣètò ìdíje mọ ẹ̀bùn gbàgbé dáadáa! Iye tí wọ́n ń tà á ní Balógun ni kẹ́ ẹ kọ sí D jàre, kì í ṣe iye tí wọ́n fi polówó, ẹ má sì kọ "náírà" mọ́ nọ́ńbà, kò ní lè rò ó pọ̀. Ẹ wá tẹ =SUMIF(E:E,"dé",D:D) sí àpótí G1, á ro iye owó gbogbo èyí tó ti wọlé pọ̀.