Ológoṣẹ́ Tí Kò Jọ Ológoṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ Nínú Ọgbà

Bí ẹ bá rí ológoṣẹ́ tó ṣàjèjì, tí ẹ sì ń rò pé ọmọ àdàlù ni, ìyẹn ọmọ tí ìran ẹyẹ méjì tó yàtọ̀ síra bí, ẹ kọ́kọ́ mọ ti ilé dunjú. Ológoṣẹ́ tó ń kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ páànù wa káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, orí rẹ̀ rí bí eérú, ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àmì funfun kékeré sì wà lọ́fun rẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Akọ àtabo ò yàtọ̀ síra lójú, nítorí náà, ẹ má fi “abo ni” parí ọ̀rọ̀ bí ẹ bá rí èyí tó ṣàjèjì.

Ẹ da jéró díẹ̀ sílẹ̀, ẹ bu omi sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ti rí ẹni tó ń da gààrí fún wọn. Adìyẹ aládùúgbò ló jẹ ẹ́ tán, gààrí Ìjẹ̀bú sì ti wọ́n ju ohun tí à ń dà nù lọ. Bí ẹ ò bá ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, fóònù tó. Fídíò ni kí ẹ ká, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹyẹ á yí ẹ̀gbẹ́, á na apá, ẹ ó sì dá a dúró níbi tó bá wù yín.

Àgógó ẹnu la ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà orí, ọ̀fun, ẹ̀yìn, apá, ìrù. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí Merlin, áàpù orí fóònù tó ń bá èèyàn dá ẹyẹ mọ̀, torí bí ẹ bá ti rí àwòrán ibẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ lẹ ó máa rò pé ẹ rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: kíá ni wọ́n á ti pariwo pé ọmọ àdàlù ni. Ẹ ní sùúrù. Abo ẹ̀ga ló sábà máa ń tan èèyàn: ìlà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ rí bí ìyeyè, àgógó rẹ̀ sì ki. Ológoṣẹ́ wa tó ti dàgbà kì í ní ìlà lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ lè ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo igun ẹnu rẹ̀, yóò ṣì pọ́n yẹ́lò.

Àgógó ológoṣẹ́ wa náà ń yí àwọ̀ padà: dúdú lásìkò tó ń yé, ó sì máa ń ṣá díẹ̀ nígbà mìíràn. Ó tún ń fi erùpẹ̀ wẹ̀, ilẹ̀ pupa wa sì ń kùn ún láyà. Merlin ò mọ erùpẹ̀ Ṣágámù. Ẹ dúró títí tó fi máa wọ omi.

Ti ìyẹ́ funfun ńkọ́? Aró ara ló já a kulẹ̀, kì í ṣe àdàlù. Ó sábà máa ń wà lápá kan ju èkejì lọ. Àmì tí ọmọ àdàlù jogún, ọ̀tún àtòsì ló máa ń bá dọ́gba.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ta ni bàbá, ta ni ìyá. Ológoṣẹ́ Ítálì wá láti inú èyí tí òyìnbó ń pè ní “house sparrow” (kì í ṣe tiwa yìí) àti ti Spéènì tó bára wọn gbé. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìran kan ṣoṣo bá ń bà lọ́gbà yín, ẹ padà sórí àgógó.

Tí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi fídíò náà sórí eBird, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìlú mọ́ ọn. “Ìjẹ̀bú” nìkan ò tó. Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́ ni Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.