Ìrírí mi: AI, SMIG àti ọgọ́rin fótókópì tó ṣòfò

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì níbí ní Kétu, ní Benin. Ìpàdé ku ọjọ́ méjì, akápò ní kí n wá iye owó oṣù tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín, èyí tí à ń pè ní SMIG, ní Benin, Tógò, Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà, kí n tò ó sójú ìwé kan. Mo bi AI orí fóònù mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi to àtẹ kalẹ̀, ó mọ́ rekete. Mo ṣe ọgọ́rin fótókópì, owó àpò mi ni.

N ò tíì ka ìlà kejì tán tí ẹ̀gbọ́n kan fi dìde: "Àbúrò, ta ní sọ fún ọ pé 40,000 ni SMIG wa? Ṣé Kétu yìí náà lò ń gbé?" Ẹ̀rín bú yẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. 40,000 sẹ́fà la ń gbà láti 2014, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2023 ló ti di 52,000. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé iye tuntun, 52,500, ni AI kọ fún Tógò, tó wá fi ti àtijọ́ sí tiwa. Ìyàtọ̀ 500 sẹ́fà péré di 12,500. Àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ kó ẹrù!

Mo tún un ṣe. Mo ní kí AI kọ ọdún àti ìwé òfin sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àwọn líǹkì tó fún mi ni ò ṣí. Mo rí ìwé òfin kan gbà wálẹ̀, àwòrán lásán ni, ó wọ́, òǹtẹ̀ sì gorí ọ̀rọ̀. Mo gbé e fún AI, ó dáhùn geere, mo wò ó, ohun tó kà ò sí nínú ìwé. Mo ní, "Ìlà wo lo ti rí i?" Ó bẹ̀bẹ̀, ó mú iye mìíràn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Forfait (dátà fóònù) tán, mo ra òmíràn, iná tún lọ. Ìgbà tí mo gé ìwé náà sí wẹ́wẹ́, tí mo fún un ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ló tó kà á dáadáa. Ó ti kọjá aago méjìlá òru. Àfi bí mo ṣe rántí pé èmi náà gbọ́ Faransé.

Ti Côte d'Ivoire rọrùn: 75,000 láti 2023.

Nàìjíríà ló mú orí mi wú. 70,000 náírà láti oṣù keje 2024. Ìlárá, lẹ́nu ibodè Nàìjíríà, ò sì jìnnà, ojú àwọn ọmọ wa ti ń lọ síbẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, kò tó 30,000 lọ́jọ́ náà. Mo wá bi AI pé, "Àwọn wo ni òfin yìí yọ sílẹ̀?" Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́: òfin 2019 wọn yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Ilé búrẹ́dì mélòó ló lóṣìṣẹ́ 25? Èmi ni mo bi í o, kì í ṣe òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Bí mo bá tún máa ṣe é, orílẹ̀-èdè kan lẹ́ẹ̀kan ni máa bi í, n ò sì ní tẹ ohunkóhun títí máa fi fojú ara mi rí ọdún tí òfin bẹ̀rẹ̀.

Akápò san owó fótókópì kejì. Ti àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ gbà á lọ́wọ́ AI.