Ọ̀dùnkún Òyìnbó Nínú Àwo Àgbàlagbà: Bí A Ṣe Lè Jẹ Ẹ́ Kí Ṣúgà Má Gòkè

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti pa ọ̀dùnkún òyìnbó tì pátápátá nítorí ìbẹ̀rù àtọ̀gbẹ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe sè é, bó ṣe pọ̀ tó nínú àwo, àti ohun tí a fi jẹ ẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Lọ́dún 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde nípa òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 205,000 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń tọpa oúnjẹ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí èèyàn bá ń jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó díndín nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fi nǹkan bí 20% ga sí i. Sísè, yíyan àti gígún kò fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé díndín nìkan ló fà á, àmọ́ ó tó ìdí láti dín in kù. Gíráàmù 100 ọ̀dùnkún sísè ní nǹkan bí kálórì 90. Díndín lé ní 300, torí omi inú rẹ̀ ti gbẹ, òróró sì ti gba ipò rẹ̀.

Kí ló dé tó fi kan àgbàlagbà jù?
Iṣan ara ló ń gba púpọ̀ nínú ṣúgà tó wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣan ń fọn, ínsúlínì, èròjà inú ara tó ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwo tí ọ̀dọ́ jẹ láìsí wàhálà lè mú kí ṣúgà pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà.

Nínú ilé ìdáná
Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ má bó o. Ẹ sè é títí fọ́ọ̀kì yóò fi wọlé láì jẹ́ kó fọ́ yángá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó tutù, kó sun inú fíríìjì mọ́jú: díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ á yí padà sí irú èyí tí ìfun kì í tètè dà. Bí ẹ bá tún un gbé kaná, apá kan nínú àǹfààní yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kì í ka ọ̀dùnkún mọ́ gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso tó yẹ kí èèyàn jẹ lóòjọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwo ni kó gbà. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin gba ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ẹ má sì fi ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ kan, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé gé oúnjẹ rẹ̀ kù, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ kó sì dákú. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká náà ní láti bi dókítà, nítorí èròjà tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀dùnkún òyìnbó.

Fún àgbẹ̀
Ẹ máa kó yẹ̀pẹ̀ bo ìdí rẹ̀ lórí ebè. Èyí tí oòrùn bá kàn máa ń di àwọ̀ ewé, májèlé sì ń pọ̀ nínú rẹ̀, iná kì í sì í pa á. Lẹ́yìn ìkórè, ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kó wà. Ẹ ṣa èyí tó ti di àwọ̀ ewé kúrò kó tó dé ọjà.