Bí a ṣe ń fi buckwheat bo ilẹ̀ oko àgbọ̀nrín lásìkò ooru

Bàbá mi kì í fi àárín ebè iṣu sílẹ̀ lásán. Ẹ̀gúsí ló máa ń gbìn sí i. Kí ẹ̀gúsí náà tó so, ewé rẹ̀ á ti tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, koríko ò ní rí oòrùn, àgbàrá òjò ò sì ní rí ilẹ̀ wọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò yàtọ̀ sí ìyẹn, àfi pé oko tí mò ń sọ kì í ṣe oko èèyàn.

Ní Pennsylvania níbí, ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ilẹ̀ ló máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹran igbó: àgbọ̀nrín, tòlótòló igbó, àdàbà. Ìparí ìgbà ooru ni wọ́n máa ń gbin èyí tó ṣe kókó síbẹ̀, bíi wíìtì, clover (ewéko kan tí ẹran ń jẹ) àti radish (ewébẹ̀ tó ń ta sínú ilẹ̀ bíi káróòtù), kí àwọn ẹran lè rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Láti May títí dé August, ilẹ̀ náà máa ń wà lófìfo, koríko á sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Buckwheat ni kí ẹ fi dí àlàfo yẹn.

Kì í ṣe ìbátan wíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra. Ewé rẹ̀ fẹ̀, òdòdó rẹ̀ funfun, èso rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó yára. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ó ti hù, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ó ti yọ òdòdó. Gbòǹgbò rẹ̀ mọ bí a ṣe ń tú phosphorus, ọ̀kan lára oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, tó ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá sì jẹrà tán, ohun tí ẹ bá gbìn tẹ̀ lé e ni yóò jẹ oúnjẹ yẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí ẹ gbin ẹ̀wà. Ẹ̀wà dára, tiwa sì ni: Áfíríkà ló ti wá, àsìkò òwò ẹrú ni ó bá àwọn èèyàn wa dé Amẹ́ríkà. Títí dòní, irú kan tí wọ́n ń pè ní Iron and Clay ni àwọn ará Georgia àti Alabama ń gbìn fún àgbọ̀nrín. Bí ẹ bá wà lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ti mú ju tibí lọ, tí ilẹ̀ yín sì fẹ̀, ẹ gbin ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín fẹ́ràn ẹ̀wà jù. Lórí ilẹ̀ tí kò tó éékà kan, wọ́n lè jẹ ẹ́ tán nígbà tó ṣì wà ní ewé méjì mẹ́ta, koríko á sì padà wá jọba. Wọ́n ń jẹ buckwheat náà, àmọ́ wọn kì í sábà jẹ ẹ́ run.

Kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ mú kàlẹ́ńdà, kí ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbin clover àti radish ní August 15, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 7 sẹ́yìn, ẹ ó bá ara yín ní June 27. Ọjọ́ tí ẹ máa fọ́n buckwheat nìyẹn. Ẹ lè tètè gbìn ín ní ìparí May, tí ẹ bá ṣe tán láti gé e, kí ẹ sì tún òmíràn fọ́n. Ẹ má ṣáà gbìn ín kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀ tán, nítorí ìrì dídì ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa pa á. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kéré tán 55 lórí ìwọ̀n Fahrenheit.

Ẹ bu erùpẹ̀ ilẹ̀ náà díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Penn State, yunifásítì kan ní Pennsylvania, ní yàrá àyẹ̀wò tí ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe nítorí buckwheat, tó ń fara da ilẹ̀ kíkan dáadáa, bí kò ṣe nítorí clover tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) jẹ́ 6 sí 7 ni clover fẹ́. Bí àyẹ̀wò bá ní kí ẹ da lime (ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) sí i, ìsinsìnyí ni kí ẹ dà á, torí ó máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ tún bèèrè ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàdo tí wọ́n fín atrazine, oògùn apakoríko, sí, ìyókù oògùn náà lè pa buckwheat yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé koríko tó wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín já. Ìparí May sí June ni àgbọ̀nrín máa ń bímọ níbí, ọmọ rẹ̀ kì í sì í sá. Yóò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sínú koríko títí ẹ̀rọ á fi dé orí rẹ̀. Mo ti rí i rí, tó ká ẹsẹ̀ kò, tó ń wò mí láìmira. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ ò jìnnà. Ẹ padà sílé, kí ẹ tún wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá kan ìtẹ́ tòlótòló, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ o, eégbọn pọ̀ ní igbó yìí, àìsàn tó ń kó ranni kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn gígé, ẹ fi katakata tú ilẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Koríko tó kù á hù. Ẹ tún fẹ̀sọ̀ tú u lẹ́ẹ̀kan sí i láti pa ìyẹn. Ẹ má yan ibi tí omi ń dúró sí. Mo fọ́n irúgbìn sí irú ibẹ̀ lọ́dún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó sì kú.

Irúgbìn 50 sí 60 pọ́n-ùn ló tó éékà kan, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 23 sí 27. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ fọ́n ìdajì bí ẹ ṣe ń lọ sókè sódò, kí ẹ fọ́n ìyókù bí ẹ ṣe ń dábùú oko, kí ojú kan má baà ṣófo. Ẹ wọ́ igi tàbí àwọ̀n irin lórí rẹ̀ kí erùpẹ̀ lè bò ó ní ìwọ̀n ìlàjì íǹṣì sí íǹṣì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é, ẹ fi táyà ọkọ̀ gba orí rẹ̀ lọ, kí ẹ gba orí rẹ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo èyí, ìdí tí tiwọn fi ń hù ní jáńbajàǹba nìyẹn. Buckwheat kò nílò ajílẹ̀ púpọ̀.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yín kò ju wíwò lọ. Bí òdòdó bá ti bo oko, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Oyin á kún ibẹ̀, ariwo wọn nìkan tó gbọ́. Tòlótòló á máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti ṣa kòkòrò.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ nìyí. Ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn tí òdòdó bá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ nígbà kan nítorí oyin, èso rẹ̀ le, ó já sílẹ̀, ó hù láàárín clover mi, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ títí ìrì dídì fi pa á. Bí ẹ bá fẹ́ kí àdàbà rí èso jẹ, ẹ fi ìlà tín-ín-rín kan sílẹ̀ létí igbó, kí ẹ gé ìyókù.

Ẹ má tú ilẹ̀ mọ́ nígbà yìí. Ẹ wo ojú ọjọ́. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀ lọ́la, ẹ fọ́n clover, radish àti wíìtì sáàárín buckwheat tó wà lórí ìdúró, irúgbìn kéékèèké yẹn kò nílò kí a rì wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé buckwheat náà bò wọ́n. Ẹ má kó pòròpórò rẹ̀ kúrò. Yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn, yóò sì pa ọ̀rinrin mọ́. Kí oṣù tó parí, ewé radish á ti gbà á kọjá sókè.