Bí a ṣe ya abẹ̀mí sọ́tọ̀ kúrò lára aláìlẹ́mìí ní ẹ̀yìnkùlé wa

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ọmọ àbúrò mi gbé wá: kó kọ ohun abẹ̀mí àti ohun aláìlẹ́mìí tó wà ní àyíká rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti fẹ́ máa da ti inú ìwé kọ. Mo ní rárá, kó dìde. Ìkẹ́rẹ́ là ń gbé, ìlú àpáta Olósùnta àti Orólè. Ta ló ń wá òkúta lọ sínú ìwé níbẹ̀?

A ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, a fa okùn yí i ká, mítà 1 ní òró, mítà 1 ní ìbú. Èyí tó rọrùn kò gbà wá lákòókò: koríko, èèrà, ekòló kan, òkúta, omi òjò, afẹ́fẹ́, oòrùn.

Ara òkúta ni ọ̀rọ̀ ti le. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó rí bí eérú. "Àǹtí, ṣé ọ̀dà ni?" Mo fi èékánná họ ọ́, ó ń bó bí èépá. Mo ní kó bu omi sí i. Kò pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé lójú wa. Ohun abẹ̀mí kan tó jẹ́ ìbátan olu tí à ń jẹ ló wà níbẹ̀, òun àti ohun ọ̀gbìn wínníwínní tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Wọ́n jọ ń gbé bí ara kan. Òkúta kò lẹ́mìí, àmọ́ ohun tó bò ó lára wà láàyè! Inú mi dùn débi pé mo tún bu omi sí òmíràn.

Ewé gbígbẹ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó ní kò lẹ́mìí mọ́. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkúta kò wà láàyè rí. A bá fa ìlà kẹta sójú ìwé: "Ó ti wà láàyè rí."

Ilẹ̀ ńkọ́? Mo da ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ìgò omi. Afẹ́fẹ́ ń hó jáde, iyanrìn rì, èérún ewé léfòó. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí tún wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ ewé gbígbẹ náà kí ilẹ̀ tó lọ́ràá. N kò jẹ́ kó kọ "ilẹ̀" sí apá kankan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ló bá mú ẹ̀wà gbígbẹ kan wá láti ilé ìdáná: èyí ńkọ́? A fi òwú tútù wé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kó tó wọ aṣọ ilé ìwé, ó pariwo pè mí. Gbòǹgbò funfun ti yọ.